Eyín Tí Kò Mọ Omi Tútù Mọ́

Ìyá mi kì í mu omi tútù. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ènìyàn wo ni, wọ́n á sì máa wò mí bíi pé kò sí ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu mi. Àmù wa wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, lórí iyanrìn tí a máa ń wọ́n omi sí. Gbogbo ará ilé wa ní Muṣin ló ń wá bu omi níbẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí omi inú rẹ̀ a máa tutù dọ́fun. Ìyá mi nìkan ni kì í mu ún bẹ́ẹ̀. Á bu tirẹ̀ sínú ife tánganran, á gbé e sórí pẹpẹ fèrèsé níbi tí oòrùn ń pa, títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ayálégbé bíi tiwa a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyàwó, ṣé ẹ fẹ́ fi omi yẹn ro ọkà ni?" Á kàn rẹ́rìn-ín, èjí ẹnu rẹ̀ á yọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ohun mìíràn tí kì í fẹ́ ni ariwo ayùn. Káfíńtà ni bàbá mi, ẹ̀yìn ilé ló ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ti gbé ayùn lé igi báyìí, ìyá mi á gbé garawa, á ní òun ń lọ pọn omi, kódà bí omi bá kún ilé. Mo rò pé eruku igi ni kò fẹ́. Ọmọdé kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣe rí ló rò pé gbogbo ìyá ṣe rí.

Èjí rẹ̀ yẹn, àlàfo tín-ín-rín ni, láàrin eyín iwájú méjèèjì lókè, ó sì dọ́gba bí ohun tí wọ́n fi okùn wọ̀n. Irú rẹ̀ wà lẹ́nu èmi náà. Òun nìkan ni mo rí mú lára ìyá mi, nítorí nínú gbogbo ohun yòókù, bàbá mi ni mo jọ délẹ̀: dúdú tí mo dú, etí tó nà síta bí etí ẹni tó ń gbọ́ òfófó, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, àti ìbínú wàrà-wàrà tí kì í pẹ́ kó tó lọ. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi a máa dá mi dúró lọ́nà pé, "Rẹ́rìn-ín ká rí i." Mo máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ìyá ẹ bí ara ẹ̀ o." Inú mi a máa dùn títí mo fi máa délé, mo sì máa ń rí i lójú ìyá mi pé inú tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

Ó kú nígbà tí mo ṣì kéré. Ibà ni, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ìpọ̀nrí ni mo wà nígbà náà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìpọ̀nrí. Kí wọ́n tó mú mi dé Muṣin, wọ́n ti sin ín, nítorí àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ni wọ́n fi hàn mí. Àwòrán kan ṣoṣo ló yà láyé rẹ̀, ayàwòrán sì ti pàṣẹ fún un pé kó pa ẹnu dé, kó dúró gán-án, bíi pé àgọ́ ọlọ́pàá ló wà. Mo máa ń gbé àwòrán náà wò, mo sì máa ń bínú sí i. Obìnrin tó wà níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí àárò rẹ̀ bá sọ mí, iwájú dígí ni mo ń lọ. Mo máa fi ọwọ́ bo imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kó lè ku ẹnu nìkan, mo máa wá rẹ́rìn-ín. Á jáde sí mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n mo rò pé bàbá mi mọ̀, nítorí bó bá bá mi níbẹ̀, á wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

Ìdí ẹ̀rọ omi ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti di ọmọge nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Sábó. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún òpópónà wa, ẹni tó bá sì mọ ìjà ìdí ẹ̀rọ láyé ọjọ́un mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé garawa mi, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti ara wọn, ni ẹnu mi bá lọ kọ irin ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ dà. Mo fi garawa sílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré lọ sílé lọ wo dígí. Etí eyín iwájú kan ti kán bín-ín-tín, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Èjí wà níbẹ̀ digbí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo padà lọ gbé garawa mi, mo sì rí i pé wọ́n ti da omi rẹ̀ sínú ti ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà ni omi tútù ti di ọ̀tá mi. Bí mo bá ti mu omi àmù, eyín náà á ta mí dé àárín orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn sí i. Mo gbé ife tánganran ìyá mi jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, mo bu omi sí i, mo gbé e sórí pẹpẹ fèrèsé nínú oòrùn. Bàbá mi ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ife náà, ó sì dúró. Ó wò ó pẹ́. Ó bi mí pé, "Ta ló gbé eléyìí síbẹ̀?" Mo ní èmi ni, pé omi tútù ń ta eyín mi bíi ti ìyá mi. Ó padà sí ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró ayùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdùnnú yẹn kò pẹ́. Eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro, ètè mi òkè wú, ó gbé imú mi sókè tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kò lè wò mí kí wọ́n má yí ojú sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi bá mú mi lọ sí Èkó. Nígbà náà, àwa ará òkè níhìn-ín kì í pe ibi tí a ń gbé ní Èkó. Èkó wà lódìkejì afárá, aṣọ tó dáa ni ènìyàn ń wọ̀ lọ síbẹ̀.

Dókítà eyín tí a bá níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pẹ́ tó ti ìlú òyìnbó dé. Ó fi irin kékeré kan kan eyín náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga. Ó yíjú sí bàbá mi.

"Bàbá, yíyọ ló yá jù. Kí ó tó ka oókan, ó ti tán."

"Ẹ má yọ ọ́," ni mo wí, ẹnu mi tó wú kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde dáadáa. Mo tún un sọ.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ìrọ̀rùn. Ó ní iṣan kan wà nínú eyín, tín-ín-rín bí òwú, òun ló ti jẹrà. Òun lè la ẹ̀yìn eyín náà, kí òun fa iṣan náà jáde, kí òun fọ ihò rẹ̀, kí òun fi oògùn sí i, kí òun sì dí i pa fún ìgbà díẹ̀. Bó bá fara rọ, èmi á padà wá kí òun dí i pa pátápátá. "Ṣùgbọ́n yóò dùn ún o, Bàbá. Lẹ́yìn iṣẹ́ gan-an ni yóò dùn ún. Bó bá sì tún wú kó tó di ọjọ́ tó máa padà wá, mo máa yọ ọ́ ni, ẹ má bẹ̀ mí."

Mo rò pé bàbá mi á ní kí wọ́n yọ ọ́, nítorí ènìyàn tí kì í fẹ́ àsọtúnsọ ni. Ó wo ẹnu mi. Ó ní, "Ẹ bá wa fi eyín náà sílẹ̀ fún un."

Ẹ̀rọ tí dókítà fi ń lu eyín, ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, pé bí aránṣọ bá ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, ojú abẹ́rẹ́ á máa fò, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò sí lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í han lára eyín mi, bàbá mi, ẹni tó ti ń fi ayùn jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀, dìde ní ìjókòó, ó jáde. Ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí dókítà parí, ó fi ohun tó fà jáde hàn mí ní ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Òwú ni lóòótọ́, òwú kékeré tó ti dọ̀tí. Mo ronú pé irú nǹkan kékeré báyìí ló ń lù mí láti ìjọ́ yìí wá.

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ṣé wọ́n ti fa ohun tó ń dunni jáde, kí ló tún kù tí yóò dunni? Kí a tó dé Yábà ni mo ti mọ̀ pé n kò gbọ́n. Ìrora tó dé báyìí kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ máa ń ta bí abẹ́rẹ́, á sì lọ. Eléyìí jókòó. Ó dà bíi pé eyín náà ti ga ju àwọn yòókù lọ, bí mo bá fẹ́ pa ẹnu dé, òun ló kọ́kọ́ ń pàdé ti ìsàlẹ̀, á sì bú sí mi nínú orí. Mo ń gbọ́ ìlù ọkàn mi nínú rẹ̀. N kò lè jẹ búrẹ́dì, n kò lè jẹ ẹ̀wà, n kò lè sọ ọ̀rọ̀ tí ètè méjèèjì ti ń pàdé. Ògì lọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ìborùn ni mo fi ń bo ẹnu kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ dókítà kò sì kúrò létí mi: bó bá tún wú, yíyọ ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ìka tẹ ètè mi wò bóyá ó ti ń wú.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n mi. Ọ̀kan ní kí n fi kànáfùrù sí i, mo fi í sí i, ó jó mi lẹ́nu. Òmíràn ní kí n máa rin orín àtá, bíi pé eyín tí kò lè fara kan eyín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rin igi. Ọkùnrin kan tó ní asọ̀rọ̀mágbèsì nílé, tí gbogbo wa máa ń lọ jókòó sí ojú fèrèsé rẹ̀ láti gbọ́ ìròyìn, sọ fún bàbá mi pé àwọn dókítà òde òní kò mọ iṣẹ́, pé láyé tiwọn, òwú àti ìlẹ̀kùn ti tó láti yọ eyín. Mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà n kò lọ gbọ́ ìròyìn níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá mi ní Sábó kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀, nítorí àwọn tí wọ́n ń kó láti Èkó wá sí àwọn ilé tuntun ní Súrùlérè ń rán kọ́tìnnì, àsìkò Iléyá sì ń bọ̀. Ó wò mí níbi tí mo ti ń mu ògì, ó ní, "Adìẹ ń jẹ òkúta, ó ní òun ò léyín. Ìwọ tó léyín, ògì lò ń mu." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, ètè á fa eyín náà. Mo dé iwájú dígí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ọwọ́ bo imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí mo ti máa ń ṣe, mo gbìyànjú. Ìrora mú ẹnu mi wọ́. Ìyá mi kò jáde. Àárò rẹ̀ sọ mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n fi ilẹ̀ pupa hàn mí lọ.

Báyìí ni mo wà tí Ìyá Ìpọ̀nrí fi dé. Ó ti gbọ́ pé ara mi kò yá, ó fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìpọ̀nrí gba Ojúẹlẹ́gbà, nígbà tí igbó ṣì wà lápá kan ọ̀nà níbẹ̀, ó gbé ìkòkò ògì bàbà lórí. Obìnrin tó ga ni, ohùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bó ti yọ sí mi tó rí mi lórí ẹní, tí ìborùn bo ẹnu mi, tí ife tánganran wà lórí fèrèsé, ohùn rẹ̀ já. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀.

"Ìyá ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́," ló wí.

Mo bi í pé, "Ṣe kí ni, Mà? Ìgbà wo ni eyín dun ìyá mi?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ti dókítà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé bó bá tún wú wọ́n máa yọ ọ́, pé n kò ní gbà, pé bí wọ́n bá yọ eyín náà, èjí ìyá mi ti lọ nìyẹn, n kò sì ní ibòmíràn tí mo ti lè rí i mọ́ láyé. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni omijé ń bọ́. Ìyá Ìpọ̀nrí fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi, ó wá jókòó lórí ẹní tì mí, òun tí kì í jókòó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́," ló wí. "Wọn ò bí èjí mọ́ ìyá ẹ."

Mo rò pé ìrora ti wọ etí mi.

"Èjí tó wà lẹ́nu ẹ, ti ìyá àwa ni, ìyá èmi àti bàbá ẹ. Ìgbà tí ìyá ẹ bí ẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu wa ò dákẹ́. Tèmi ló pọ̀ jù. Mo gbé ẹ lọ́wọ́, mo ní, 'Ìyàwó, ẹ kú ìnira o. Ẹrù wa lẹ bá wa rù wálé, kò sí tiyín níbẹ̀.' Eré ni mo ń ṣe. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé ni, kí ló fẹ́ sọ? Ìgbà tí eyín ẹ wá hù tán, tó jẹ́ pé èjí ló bá dé, mo tún ní, 'Ẹ ò rí i? Títí kan eyín.' Ọjọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín."

Láti ẹ̀yìn ilé, a ń gbọ́ òòlù bàbá mi.

"Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń pa èjí fún àwọn ọmọge. Mo bá a lọ. Ọkùnrin náà wò ó, ó rí ọmọ lẹ́yìn ẹ̀, ìwọ nìyẹn. Ó ní, 'Ìyá ọmọ, àwọn tó ń wá ọkọ ló ń ṣe èyí. Ìwọ ti lọ́kọ. Ta lo fẹ́ kó wù?' Ìyá ẹ ní, 'Ọmọ mi.' Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ́nu bí ayùn ni wọ́n fi ṣe é. Èmi ni mo di orí ẹ̀ mú. Kò ké. Ìborùn ló fi bo ẹnu bí o ti ṣe yìí, ògì ló ń mu, kò sì lè mu omi tútù mọ́ títí tó fi kú. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ fi wá sí Muṣin níbí. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ níbí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ mú èjí ẹ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n fi Ọlọ́run búra pé n kò ní sọ fún ẹ láé." Ó fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni ẹnu tèmi mú ọ̀ràn bá. Nítorí náà jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, ọmọ mi. Ti ìyá wa ni. Òun náà ti sùn, kò ní bínú."

Inú bí mi. Ohun tó kọ́kọ́ dé nìyẹn. Mo yíjú sí ògiri, Ìyá Ìpọ̀nrí sì jókòó tì mí títí ó fi sú u, ó ní òun ń lọ bá bàbá mi kí òun tó máa lọ. Mo bínú sí i nítorí ẹnu rẹ̀, mo bínú sí bàbá mi tó mọ̀ tí kò sọ, mo bínú sí gbogbo obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi. Nígbà tí ìbínú náà lọ, bó ti máa ń lọ, mo rí i pé ìyá mi ti jókòó tì mí. Kì í ṣe obìnrin inú àwòrán. Ọmọbìnrin kan tí kò jù mí lọ púpọ̀ ni, tó pọn mí sẹ́yìn, tó la ẹnu fún ayùn kí ẹnì kan ṣoṣo láyé lè jọ ọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wá a nínú dígí, òun ló ti kọ́kọ́ wo ẹnu mi kó tó ṣe tirẹ̀.

Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Bàbá mi ń fá pákó. Ìyá Ìpọ̀nrí ti lọ.

"Ṣé lóòótọ́ ni?" ni mo bi í.

Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ní kí n má sọ."

"Ṣé ẹ bá a jà?"

"Mo bá a jà gan-an ni. Mo bi í pé ṣé èmi ni mo sọ pé eyín ẹ̀ ò dáa? Ó ní kì í ṣe nítorí mi." Ó fi ọwọ́ gbọn eruku igi kúrò lápá. "Tó bá rí mi tí mo gbé ayùn, á gbé garawa. Kò sọ fún mi rí pé ìró ẹ̀ ni. Èmi ni mo fura. Lọ́jọ́ tí a lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn, mo gbọ́ ọ lára eyín tìẹ."

Mo sọ fún un pé n kò ní jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní òun mọ̀.

Bóyá ìrora náà ti fẹ́ máa lọ tẹ́lẹ̀ ni o, bóyá mo kàn dẹ́kun bíbá a jà ni o, n kò lè sọ. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, nígbà tó bá lù mí, n kò pè é ní ọ̀tá mọ́. Mo máa ń sọ sínú pé, ṣé báyìí ló rí fún yín? Mo máa ń fi ìborùn bo ẹnu bí wọ́n ṣe ní ó bò ó. Díẹ̀díẹ̀, ìlù tó wà nínú eyín náà rọlẹ̀. Mo lè pa ẹnu dé. Mo jẹ ẹ̀wà tó rọ̀. Ètè mi kò wú.

Nígbà tí a padà sí Èkó, dókítà fi irin rẹ̀ kan eyín náà, ó ń wo ojú mi, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó dí i pa pátápátá. Bàbá mi kò jáde lọ́tẹ̀ yìí, ó di etí àga tí mo jókòó sí mú. Dókítà ní yóò bá mi dàgbà bí mo bá tọ́jú rẹ̀, kí n má ṣe fi já òwú mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ní, bí ẹni tó ń fi ìròyìn ayọ̀ ṣe ẹ̀bùn fún mi, "Omi tútù ò sì lè ta á mọ́ láéláé. Ẹ lè mu yìnyín."

Mo rẹ́rìn-ín fún un. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń rẹ́rìn-ín, lórí afárá, títí a fi dé Muṣin. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ rí mi, ọ̀kan ní, "Ìyá ẹ ti padà dé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ ju bó ti rò lọ.

Mo wọlé, mo ṣí àmù, mo fi ife tánganran bu omi. Ọ̀sán gangan ni, omi náà tutù dáadáa. Mo mu ún, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró sí ẹ̀yìn eyín iwájú, mo ń retí pé kó ta mí. Kò ta mí. Mo tún bu òmíràn, mo tún dá a dúró síbẹ̀. Omi lásán ni. Ìrora omi tútù yẹn, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ìyá mi fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ti ìyá bàbá mi, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní ìdílé wa, òun ni dókítà ti fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ fà jáde, tó sì fi hàn mí, tí mo rò pé òwú tó dọ̀tí ni. Mo jókòó ti àmù, mo sunkún.

Bàbá mi bá mi níbẹ̀. "Ṣé ó tún ti ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá, Bàbá," ni mo wí. "Kò dùn mí rárá."

Ó wò mí, ó wo ife ọwọ́ mi. Ó gbà á, ó bu omi kún un, ó sì gbé e lọ sórí pẹpẹ fèrèsé, níbi tí oòrùn wà.